Ẹ Má Pe Ọmọ Tí Ń Sáré Lórúkọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré sísá. Ìsẹ́yìn ni mo ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ofiki ni mo ti ṣe ìyókù, níbi tí wọ́n gbé mi jù sí kí n lè pa ẹnu mi dé. Mi ò pa á dé. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò rí ọmọ tí ó ń bẹ̀rù eré fúnra rẹ̀. Okùn ni wọ́n ń bẹ̀rù, okùn tí a máa ń ta mọ́ èèkàn yí pápá ká, nítorí àwọn òbí wọn ló máa ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ, pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àgbà ìjọ, ewú sì ti bo orí rẹ̀. Mo ní ìyẹn dára, wọn yóò lè kà á fún un ní ìjọ. Mo ti dákẹ́ tó. Àwọn tí wọ́n ṣe é kò dákẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri bí ó ṣe wù wọ́n, wọ́n ní oníjà ni mí, wọ́n ní mo gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó wá kan èmi náà láti sọ tèmi.

Ọ̀gbẹ́ni Alàbí ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ni olùkọ́ eré ìdárayá tí mo bá ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí ó sì ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí mo dé, kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Ó gbé garawa ẹfun àti ìdì okùn kan fún mi, ó ní kí n lọ fa ìlà sí pápá nítorí ìdíje ọjọ́ kejì. Mo fà á títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí mo pè é wá wò ó, ó wò ó títí.

"Mísìsì," ó ní, "ṣé ejò ni yóò sáré lọ́la ni?"

A nu gbogbo rẹ̀, a tún un fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń ta okùn àwọn òbí. Ó dúró sórí ìlà tí ó kángun síta, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn kí ó tó ri èèkàn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn yóò rí àwọn ọmọ wọn dáadáa.

"Wọn yóò rí wọn," ó ní. "Mo fẹ́ kí ohùn wọn ti rẹ̀ kí ó tó dé etí ọmọ ni."

Kò pé ọdún kan tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Ọmọkùnrin kan wà tí bàtà rẹ̀ máa ń sọnù ní gbogbo ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá ń bọ̀ wá wòran. Bí àyè kò bá gba ìyá náà, bàtà á wà. Ọmọbìnrin kan ń fò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọjọ́ ìdíje, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Mo rí bàbá kan tí ó bá adájọ́ eré wọ̀yá ìjà lórí ìlà, tí ọmọ rẹ̀ lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ títí a fi palẹ̀ mọ́. Àwọn òbí wọ̀nyí kò kórìíra ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ràn wọn débi pé wọn ò jẹ́ kí wọ́n mí.

Títílayọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò sanra, kò ga, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbéra, orí rẹ̀ kì í mì. Èèyàn lè gbé ife omi lé e kó má dà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wá bá olùkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì àti páànù ní ọ̀nà Òkèhò. Òun ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, nítorí náà Alága ni gbogbo wa ń pè é, títí kan ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pàápàá. Ó máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé òun náà sáré nígbà èwe òun, pé kò sí ẹni tó lè bá òun ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti èmi la jọ ṣe kíláàsì kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sáré. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun máa ń gbé dání létí pápá.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń ṣe ìdánrawò, ọkọ̀ rẹ̀ á dé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Títí, á jókòó sínú ọkọ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Òun á sọ̀ kalẹ̀, á kọjá okùn bí ẹni pé a ò ta á, á sì máa sáré tẹ̀lé ọmọ létí ìlà pẹ̀lú fóònù tí ó fi ń ya fídíò.

"Gbé ẹsẹ̀. Mo ní gbé ẹsẹ̀. Ṣé òkúta ni mo fi ń bọ́ ọ ni?"

Bí ó bá wá fẹ́ kí ó yá sí i, oríkì rẹ̀ ni yóò fi pè é: "Àṣàkẹ́."

Ní ọjọ́ ìdíje àárín ilé ẹ̀kọ́ wa, Títí ti fi gbogbo wọn sílẹ̀ nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà nígbà tí bàbá rẹ̀ fi oríkì yẹn pè é láti ẹ̀gbẹ́ okùn. Mo rí i kedere: orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó gbé ara rẹ̀, ó sì ṣe ipò kejì.

Èmi tí mo kàwé rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yọ́ òrí sí i lórúnkún ní ìrọ̀lẹ́, tí mò ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí mo ní kó má sáré. Ọmọ náà jókòó, kò bá mi jiyàn. Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ eléré, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, ó ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" mo bi í.

"Mà, òrí yẹn á tán o. Orúnkún Títí ò dùn ún."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Bàbá ẹ̀ ló ń kí, mà."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, èmi ọmọ Ìsẹ́yìn tí mo tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ní ilé Alága, bí bàbá bá fi oríkì pe ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ náà kò gbọdọ̀ dáhùn lórí ìdúró, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí i. Yóò yíjú, yóò fi orúnkún kanlẹ̀, yóò ní "Sà." Láti ìgbà tí ó ti ń rìn tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ẹgba níbi tí ó bá ti gbàgbé. Ó ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kì í ronú sí i mọ́. Bàbá rò pé òun ń fi oríkì ta ọmọ jí ni. Orúnkún ọmọ sì ń ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Mo bi Títí. Ó wo ilẹ̀. "Mà, mi ò kì í mọ̀gbà tí mo bá ṣe é."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, pé bí ọmọ bá ń sáré, kó má fi oríkì pè é.

"Kí n máa wá pè é ní kí ni?"

"Ẹ má pè é rárá. Ẹ kàn máa pàtẹ́wọ́."

Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Tísà ní kí n máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí mo bí, bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Mísìsì, ohùn mi ló ń gbé ọmọ yẹn sáré. Ọjọ́ tí mo bá dákẹ́ ni yóò dúró. Ẹ kọ́ ọ ní èyí tí wọ́n ní kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọmọ."

Kí n tó padà dé ilé ẹ̀kọ́, ó ti pe ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó bá bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ó máa ń gbà pé ó jàre.

"Màmá Eléré," ó ní, "ọkùnrin yẹn ló fẹ́ bá wa fi páànù bo gbọ̀ngán. Ẹ jẹ́ kó máa pe ọmọ ẹ̀."

Ohun tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ju ife ẹ̀yẹ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti eré pọ̀, tí àwọn ọmọ sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí yóò yan ọmọ fún wọn ń bọ̀ wá sí ìdíje gbogbo Òkè-Ògùn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ṣakí. Títí fẹ́ àyè yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ fún mi, nígbà tí a ń kó èèkàn nílẹ̀.

"Mà, tí wọ́n bá mú mi, ṣé lóòótọ́ ni pé ibẹ̀ ni màá máa sùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó èèkàn rẹ̀ lọ, ó ń yára rìn. Ọmọ mìíràn ì bá béèrè nípa bàtà tuntun.

Eré ríléè ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ mẹ́rin ló ń sá a, wọ́n á máa gba ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́ ara wọn yí pápá ká. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá kì í wẹ̀yìn. Yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, yóò ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á wà níwájú. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá ti ní "Gbà," yóò di ohun tó bá kan ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì máa lọ. Bí ó bá wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, ọ̀pá ti bọ́ nìyẹn. Mo fi Rọ̀kí sí ipò kẹta, mo fi Títí sí ipò kẹrin, kí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mi ò rí bàbá mú, mo kọjú sí ọmọ. Mo ní kí àwọn yòókù dúró sí ẹ̀gbẹ́ okùn, kí wọ́n máa pè é ní Àṣàkẹ́ bí ó bá ń sáré bọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀rín pa gbogbo wa, Rọ̀kí fi ohùn àgbàlagbà pè é, ó ní, "Àṣàkẹ́, wá bá mi wo ibi tí mo fi awò ojú mi sí." Títí kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó dìde, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n lè pè é títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ, orúnkún rẹ̀ kò ní yẹ̀. Mo sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú ìlà funfun, èmi ni mo láṣẹ lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

"Tí ó bá jẹ́ bàbá mi ló pè mí ńkọ́, mà?"

"Má dáhùn."

"Tí a bá délé ńkọ́?"

Mo fọn fèrè, mo ní kí wọ́n tún un sá.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a lọ sí Ṣakí nígbà tí ó wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi òun sí ipò kejì. Òdìkejì pápá ni ẹni kejì ti ń gba ọ̀pá, níbi tí òbí kankan kì í dúró sí, àfi màlúù tó bá ń jẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ti rò ó jinlẹ̀ ju èmi lọ. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tó yára jù ni a ń fi sí ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ọmọ tí mo kọ́ jẹ́ ẹni tí yóò já ìlà ìparí níwájú gbogbo Òkè-Ògùn, kí àwọn tó ń pè mí ní afọnfèrè lè rí i. Mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ tèmi yìí mọ́ ọn.

Ọyẹ́ bo Ṣakí lọ́jọ́ náà. Ekuru ń wọ imú, àwọn àpáta ẹ̀yìn ìlú kò hàn dáadáa. Àwọn tí wọ́n tọ́jú pápá ti ta okùn wọn tán kí a tó dé, kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí ìlà. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó o, mo ní kó sún un sẹ́yìn.

"Mà, àwọn èèyàn ńlá ló máa dúró síbẹ̀," ó ní. "Wọ́n fẹ́ rí nǹkan."

Ní àárọ̀, Alága kò tíì dé; ẹrù símẹ́ǹtì kan ló ń já. Nínú eré ìyege, Títí gba ọ̀pá lọ́wọ́ Rọ̀kí nígbà tí ẹni mẹ́ta wà níwájú, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan níwájú rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó dé ìlà. Obìnrin tó ti Ìbàdàn wá yan ọmọ dìde lórí àga. Ó wá bá mi, ó béèrè orúkọ ọmọ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún wò ó nínú àṣekágbá. Mo sọ fún Títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú wo ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń gbà wọlé.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo sáré pàdé rẹ̀.

"Alága, mo bẹ̀ yín lónìí nìkan."

"Mo ti gbọ́, mà. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Fídíò ni mo fẹ́ yà."

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: ó gbìyànjú. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ okùn gan-an níbi tí ẹni ìkẹyìn ti ń gba ọ̀pá, ó gbé fóònù sókè, ó pa ẹnu mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ sáré dáadáa, ẹni kejì náà sáré dáadáa. Nígbà tí Rọ̀kí yọ ní kọ́nà pápá, ó ti fi gbogbo wọn sílẹ̀. Gbogbo pápá dìde. Títí gbéra, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà níwájú bí mo ṣe kọ́ ọ. Rọ̀kí ní "Gbà."

Ayọ̀ ló pa ọkùnrin náà, kì í ṣe ìkà. Ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́."

Títí yíjú. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà, ó ní "Sà." Ọ̀pá náà gbá a léjìká, ó bọ́, ó ń yí lọ nínú ekuru, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yòókù sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kọjá okùn, ó sì fọ́ ọ létí lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. "O fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé." Ó tún gbé ọwọ́. Nígbà náà ni mo dé àárín wọn.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, mà."

"Mi ò kúrò. Ẹ pè é, ó dáhùn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

"Ọmọ mi ni."

"Ta ló ní kì í ṣe ọmọ yín? Nínú gbogbo ọmọ tó wà lórí pápá yìí, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n kí bàbá ẹ̀ tó o. Ẹ tọ́ ọ, Alága. Ẹ gba ife ẹ̀kọ́ ilé."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Fóònù ti pọ̀ lókè bí ewé. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé èmi náà ti ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Rọ̀kí ti lọ mú ọ̀pá náà wá, ó dì í mú, kò mọ ẹni tí yóò fún.

Obìnrin Ìbàdàn náà wá bá mi kí a tó wọ ọkọ̀. Ó fún mi ní ìwé kan. "Mo rí i láàárọ̀, ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì dé ọ̀dọ̀ wa kí oṣù yìí tó parí. Tí kò bá dé, ẹlòmíràn la máa fún láàyè yẹn."

Mo fún Títí ní ìwé náà, ó gbé e fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kó gbé e padà fún mi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun kò gbọ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù parí, ọ̀gá wa pè mí pé Alága ti gbà láti fọwọ́ sí i, bí mo bá lè wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì.

Mo fi ọdún mẹ́jọ ju ọkùnrin yẹn lọ. Mo ti ní ọmọ-ọmọ nígbà náà. Mo wo ojú ọ̀gá wa bóyá ó ń ṣàwàdà.

"Ẹ kàn ṣe é, Màmá," ó ní. "A ó ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyá àgbà bá kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún ló yẹ kó máa gbọ̀n. Alága mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí ó fi fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò lọ sí ọ́fíìsì. Ìpàdé gbogbo òbí bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí. Gbọ̀ngán kún, àwọn baba jókòó lápá kan, àwọn ìyá lápá kejì, Alága wà nídìí tábìlì níwájú. Nígbà tí wọ́n ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, mo dìde láti àárín àwọn olùkọ́, mo rìn dé iwájú rẹ̀, mo sì fi orúnkún mi méjèèjì kan símẹ́ǹtì.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ tí àga ń dún. Lẹ́yìn náà, ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìn: "Ta ló kúnlẹ̀ yẹn?"

"Màmá Eléré ni."

"Fún ta ni?"

"Fún Bàbá Títí."

"Kí ló wá jẹ ní gbèsè ọ̀run tó fi ń gba irú ìyẹn?"

Gbogbo àwọn obìnrin ti dìde. Alága ti dìde náà, ó ti ṣí fìlà. "Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kì í ṣe báyìí la wí."

"Ẹ ní kí n kúnlẹ̀," mo ní, mo sì jẹ́ kí ohùn mi dé ẹ̀yìn. "Mo ti kúnlẹ̀. Mo fi yín ṣẹ̀sín ní Ṣakí, mo jẹ̀bi ìyẹn. Ìwé ọmọ yín rèé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, màá dìde."

Ó dọ̀bálẹ̀. Lóòótọ́ ni, pẹ̀lú agbádá rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbọ̀ngán, ó ń bẹ̀ mí kí n dìde. Mi ò dìde. Bàbá àgbà kan ní ìlà iwájú sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè: "Alága, fọwọ́ sí nǹkan yẹn kí o tó kó bá gbogbo wa."

Ó na ọwọ́ sí ọ̀gá wa fún bírò. Ọ̀gá wa ń wá inú àpò, kò rí. Ìyá Títí ló jáde láti àárín àwọn ìyá. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin náà, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó rìn wá síwájú, ó na bírò sí i.

"Bírò nìyí, Bàbá Títí."

Ó wò ó. Ó gbà á, ó fọwọ́ sí i níbẹ̀, lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó wà. Obìnrin náà mú ìwé náà nílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kọ ọ́ pé, ó ká a, kò gbé e fún èmi, kò sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ó kì í sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni mo tó dìde. Nígbà náà ni mo tó dìde.

Lẹ́tà tí ó gbé mi lọ sí Ofiki dé kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí. Kò sí ìdí kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ mọ bí ayé ṣe rí, Màmá." Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé fèrè mi. Ní Ofiki, koríko ni mo kọ́kọ́ gé kí n tó rí ibi fa ìlà sí. Okùn mi wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sì fi òfin kan lélẹ̀ fún àwọn òbí, tí mo kọ sára pátákó gàdàgbà: ẹ pàtẹ́wọ́ bó ṣe wù yín, ẹ má pe ọmọ tí ń sáré lórúkọ. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí ó yá, àwọn ni wọ́n ń bá mi lé àlejò tí kò mọ̀ sẹ́yìn.

Títí pè mí lórí fóònù nígbà tí ó lo oṣù kan ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tuntun. Mo béèrè nípa oúnjẹ, ó ní ó dára. Mo béèrè nípa ibùsùn, ó ní òun ló wà lókè. Mo wá béèrè nípa eré.

"A sáré lánàá, mà. Ìdíje gidi ni. Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Mo wá ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún, mo rò pé ẹnìkan ló ń lé mi bọ̀."

"Ta ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, mà."